Nǹkan Oṣù Àti Ìwé Ìbéèrè

Orúkọ tí àwa Yorùbá fún ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ti fi hàn pé a kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nǹkan oṣù ni a ń pè é. Ẹni tí ó bá pe ohun kan ní ‘nǹkan’ mọ orúkọ rẹ̀, ó kàn ń yẹra fún un ni. Àṣẹ́ ni orúkọ tí ó ní, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò, àwọn ọmọ ilé-ìwé ìsinsìnyí sì ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bò ó lójú, wọ́n ní píríọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn olùwádìí ti ń gbé ìwé àti gègé wá bá àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ wa láti bi wọ́n léèrè nípa ohun tí ìyá wọn pàápàá ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìtàn ìbéèrè náà ni mo fẹ́ sọ: ta ni ó béèrè, kí ni ó fẹ́ fi ìdáhùn ṣe, àti ta ni a kò bi.

Pápá Àjàó ni n ó máa tọ́ka sí, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n. Àdúgbò náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Mushin, kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà tí ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó wà, ọjà Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì wà nítòsí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń sọ pé pápá ni. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lónìí kò ní rí pápá kankan. Ilé fara ti ilé. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ilé náà, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín wọn kọjá, balùwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò sì wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí á máa wo ilé náà pẹ̀lú kí á tó kọ ìbéèrè.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ béèrè kò béèrè nítorí àwọn ọmọ náà. Ní 1950, R. W. B. Ellis, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìlera ọmọdé ní Edinburgh, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú British Medical Journal lórí ọjọ́ orí tí ọmọ ń bàlágà ní ilẹ̀ olóoru, àwọn ọmọ ilé-ìwé Nàìjíríà ni ó sì fi ṣe ìwádìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti gbà pé oòrùn ilẹ̀ wa ni ó ń mú kí ọmọbìnrin tètè bàlágà. Ellis rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1962, J. M. Tanner àti B. O’Keeffe tún kọ tiwọn nípa ọjọ́ orí tí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé Nàìjíríà ń rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́, wọ́n sì fi gíga àti ìwọ̀n ara wọn kún un. Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn. Irọ́ tí ó ti gbó ni wọ́n já. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìbéèrè náà ti kéré tó. Ṣé o ti rí i? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà náà? Ó parí. Ibi tí ọmọ náà ti rí aṣọ, ibi tí ó ti fọ̀ ọ́, ẹni tí ó fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe àìsàn, kò sí èyí tí ó kan òṣùwọ̀n gíga. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bi ọmọ tí kò lọ sí ilé-ìwé, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn ọmọbìnrin nígbà náà.

Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí 1970, ọ̀rọ̀ iye ọmọ tí obìnrin ń bí ti gba ọkàn àwọn olùwádìí. John Caldwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí tiwọn ní Ìbàdàn ní 1973. Nínú ìwé kan lórí fífi àlàfo sáàárín ọmọ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí Hilary Page àti Ron Lesthaeghe ṣe olótùú rẹ̀ ní 1981, ọ̀rọ̀ Èkó gba orí kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí obìnrin Yorùbá ti ń pẹ́ tó kí ó tó padà sọ́dọ̀ ọkọ lẹ́yìn ìbímọ, nítorí pé àwọn ìyá wa ka ọmú mọ́ ètò ilé. Ìgbà tí nǹkan oṣù padà dé wọ inú ìṣirò náà, nítorí pé obìnrin tí kò tíì rí i kì í sábà lóyún. Lẹ́yìn èyí ni ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ọmọ bíbí wá ní 1981 sí 1982, lẹ́yìn náà sì ni ìwádìí ńlá lórí iye ènìyàn àti ìlera tí a kọ́kọ́ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 1990, tí a sì ti ṣe léraléra láti ìgbà náà títí dé èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2023.

Ìbéèrè kan wà nínú irú ìwádìí ìkẹyìn yìí tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wò. Wọ́n á bi obìnrin pé ìgbà wo ni nǹkan oṣù rẹ̀ tí ó ṣe kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Ààyè wà láti kọ ọjọ́, tàbí ọ̀sẹ̀, tàbí oṣù, tàbí ọdún tí ó ti kọjá. Ààyè wà fún ẹni tí tirẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ààyè sì wà fún ẹni tí kò ṣe é rí láyé. Kò sí ààyè fún bí ó ti rí lára. Ìdí tí a fi ń béèrè ni kí á lè mọ ẹni tí oyún lè tètè dúró sí lára. Fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin Nàìjíríà ni a ti bi ní ìbéèrè yìí, ẹnu ọmọ bíbí ni gbogbo ìdáhùn wọn sì gbà jáde.

Ẹ sì wo bí ìbéèrè kan náà ti ń dún ní etí Yorùbá. Elisha Renne, tí ó bá àwọn obìnrin Èkìtì gbé, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tí òun àti Etienne van de Walle jọ ṣe olótùú rẹ̀ ní 2001. Lójú àwọn obìnrin tí ó bá sọ̀rọ̀, nǹkan oṣù máa ń fọ inú ni. Bí ó bá wá lásìkò, ara mọ́, bí ó bá pẹ́, ọkàn kò balẹ̀, wọn a sì wá ohun tí wọn yóò mu. Nítorí náà, bí àjèjì bá bi obìnrin pé ìgbà wo ni ó ṣe nǹkan oṣù kẹ́yìn, ìbéèrè mìíràn ni ó gbọ́: ṣé o lóyún? Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Pápá Àjàó ńkọ́, tí ìyá rẹ̀ ń ro àmàlà lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, tí etí ìyá náà sì wà nínú yàrá? Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń fi ojú ṣọ́ nǹkan oṣù ọmọ rẹ̀ láti mọ̀ pé ọmọ kò tíì ṣe ohun tí kò yẹ. Ìyá ni ọmọ náà ń dá lóhùn. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kàn ń gbọ́ ni.

Àwọn ìwádìí inú ilé-ìwé tí àwọn dókítà wa fúnra wọn ṣe sún mọ́ ọmọ náà díẹ̀ sí i. E. A. Abioye-Kuteyi tẹ tiwọn ní Ilé-Ifẹ̀ jáde ní 2000. Ní 2008 a gbọ́ ti ọmọbìnrin 550 ní ìlà-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Kánò tẹ̀ lé e ní 2010, Ògbómọ̀ṣọ́ ní 2017. Ìmọ̀ àti ìṣe ni wọ́n sábà ń wọ̀n: kí ni ọmọ mọ̀ nípa nǹkan oṣù, kí ni ó sì ń lò. Wọ́n ṣe é dáadáa, ó sì jẹ́ kí á mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò gbọ́ ohun tí ó tó kí ó tó bá wọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí a pín ní kíláàsì máa ń dà bí ìdánwò, ọmọ a sì máa wá ìdáhùn tí tíṣà fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ irun àti aránṣọ ní Mushin kò sì sí ní kíláàsì.

Ohun tí ó yí padà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ohun tí ọmọbìnrin nílò. Ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ ya ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nǹkan oṣù ní àgbáyé. Láàárín ọdún mélòó kan sí ìgbà náà ni ìwádìí kan tí a ń pè ní PMA2020, tí ó ń lo fóònù dípò ìwé, tí Èkó sì wà lára ibi tí ó ti ṣiṣẹ́, fi ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù kún ìbéèrè rẹ̀. Ó béèrè nípa ibi tí obìnrin ti ń pààrọ̀: ṣé ó mọ́, ṣé ojú ẹlòmíràn kò tó ibẹ̀, ṣé kò léwu, ṣé ó ṣe é tì, ṣé omi wà, ṣé ọṣẹ wà? Inú mi dùn sí i, nítorí pé ilé ni ìbéèrè wọ̀nyí wò. Àmọ́ ẹni tí ó bá ti gbé ilé alájọgbé rí mọ ohun tí ó kù. Balùwẹ̀ náà ṣe é tì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́fà àárọ̀, ènìyàn mẹ́fà ni ó tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì ń gbọ́ òṣé wọn. Omi wà pẹ̀lú, nínú kẹ́ẹ̀gì tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ rù wá, inú sì lè máa run ún nígbà tí ó ń rù ú. Ẹni tí ó kọ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ síbẹ̀ kò purọ́.

Òṣùwọ̀n tí ó jinlẹ̀ jù ni èyí tí Julie Hennegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú BMJ Open ní 2020. Gbólóhùn 36 ni ó ní, ìlú Soroti ní Uganda ni wọ́n sì ti dán an wò lọ́dọ̀ ọmọbìnrin ilé-ìwé 538. Kò dán ìmọ̀ ọmọ wò, kò sì wá oyún. Nǹkan oṣù tí ọmọ ṣe kẹ́yìn ni ó ń tọ́ka sí, ọmọ a sì sọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀ sí òun tó, láti orí èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rárá dé orí èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo, òǹkà 0 sí 3. Ṣé ohun tí ó fi ń gba ẹ̀jẹ̀ tó o? Ṣé ó rí òmíràn nígbà tí ó fẹ́? Ṣé ẹ̀rù bà á pé yóò yí aṣọ òun? Ṣé ẹ̀rù bà á pé ẹnìkan yóò rí òun níbi tí òun ti ń pààrọ̀? Bí ó bá jẹ́ aṣọ ni ó ń fọ̀, ṣé ó rí ibi sá a kí ó gbẹ? Èyí tí ó kẹ́yìn yìí mú mi rẹ́rìn-ín, nítorí pé gbogbo àwa tí a lo aṣọ ní ayé tiwa ni a mọ ọgbọ́n fífi ìró ìyá ẹni bo ó mọ́lẹ̀ lórí okùn, tí kì í fi í gbẹ bọ̀rọ̀.

Mo jókòó ti irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, mo ń yí wọn sí Yorùbá bí ẹni pé èmi ni n ó gbé wọn lọ sí Pápá Àjàó. Àkọlé ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Bí mo bá ní ‘àìní’ ni a fẹ́ wọ̀n, mo ti bú ọmọ náà àti ilé tí ó ti wá, nítorí pé aláìní ni à ń pe tálákà, kò sì sí ọmọ tí ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìní ni ìyá òun. Yóò ní kò sí ohun tí ó wọ́n òun. ‘Ohun tí o nílò’ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún dé ibi tí a ti ń béèrè bóyá ohun kan tẹ́ ọmọ lọ́rùn. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ ní ìtẹ́lọ́rùn. Ìwà ni a kà á sí, àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní orúkọ. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa, àkísà mẹ́ta péré ni ó lè ní kí ó sì dáhùn pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Bí ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ bá ti dára tó ni òṣùwọ̀n yóò ti fi hàn pé kò ṣaláìní tó. Ọ̀rọ̀ ‘rárá’ náà kò rọrùn: ìdáhùn ni fún ‘kò ṣẹlẹ̀ rí’, òun náà sì ni ọmọ ń sọ nígbà tí ó fẹ́ kí á jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wà lójúkojú pẹ̀lú rẹ̀ lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Òǹkà 0 kò ní ojú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí á jù ú nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á bi àwọn ọmọ Mushin wò kí á tó fi bi wọ́n, kí á jẹ́ kí wọ́n sọ ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ohun tí wọ́n gbọ́ nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí ó ń béèrè sì jẹ́ obìnrin tí ọmọ lè pè ní àǹtí, kì í ṣe ẹni tí yóò kúnlẹ̀ kí bí ìyá.

Ọ̀rọ̀ pípa ilé-ìwé jẹ tún gba àlàyé. A máa ń gbọ́ ọ pé ọmọbìnrin kan nínú mẹ́wàá ní Áfíríkà ni ó ń pa ilé-ìwé jẹ nítorí nǹkan oṣù. Gbogbo ènìyàn ni ó ń tún un sọ. Àwọn tí ó wá ìdí rẹ̀ lọ kò rí ìwádìí tí ó ti jáde. Àwọn tí ó wọ̀n ọ́n rí ohun tí ó díjú. Ní Nepal, Emily Oster àti Rebecca Thornton tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011 pé ọjọ́ tí nǹkan oṣù ń gbà lọ́wọ́ ọmọ kò tó odidi ọjọ́ kan lọ́dún. Ní Malawi, Monica Grant, Cynthia Lloyd àti Barbara Mensch kọ ọ́ ní 2013 pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ náà ní àwọn pa ó kéré tán ọjọ́ kan jẹ nígbà tí wọ́n ṣe nǹkan oṣù kẹ́yìn, síbẹ̀ díẹ̀ ni èyí jẹ́ nínú gbogbo ọjọ́ tí ọmọbìnrin kì í wá. Wọn kò rí i pé ipò tí ilé-ìwé wà yí i padà. Ohun kan tí ó bá ọjọ́ pípajẹ díẹ̀ rìn ni pé kí ìyá àgbà máa bá ọmọ gbé nínú ilé. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní Èkó tí yàrá kan ń gba ìdílé, ìyá àgbà wà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Òṣogbo.

Ìwádìí ìjọba tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè àti UNICEF ṣe ní 2021 bi àwọn obìnrin bóyá nǹkan oṣù tí wọ́n ṣe kẹ́yìn mú kí wọ́n pa òde, ilé-ìwé tàbí iṣẹ́ jẹ. Ní àdúgbò wa, báwo ni a ó ti ka ìdáhùn? Ọmọ Mùsùlùmí tí ó ń ṣe nǹkan oṣù kì í kírun, kì í gbààwẹ̀. Òfin ẹ̀sìn ni ó ń tẹ̀ lé, yóò sì san ààwẹ̀ náà padà. Obìnrin tí ó ń ṣe é kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ̀lẹ́. Àwọn ìyá wa kì í wọ ojúbọ, wọn kì í fọwọ́ kan oògùn. Ẹni tí ó ń kọ ìdáhùn lè kọ gbogbo wọn sí ‘ó pa òde jẹ’, yóò sì dà bí ẹni pé pádì ni wọn kò rí rà. Òmíràn nínú wọn á ní ìsinmi ni. Òmíràn á ní ó ń dun òun pé gbogbo ilé mọ ìdí tí òun fi jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi. Àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni ohun tí ó yẹ kí á wọ̀n.

Ní ti pádì, òfin ìsúnná 2019 mú owó orí ọjà kúrò lórí èyí tí a ṣe ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, owó tí wọ́n ń tà á kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí òfin náà. Aláta wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ṣì ń fi ọ̀rá dúdú wé e fún ọmọ, bí ẹni ń fi ohun tí a jí pamọ́.

Gbogbo ìwádìí ńlá tí mo dárúkọ, èyí tí ìjọba ṣe àti èyí tí ó lo fóònù, ọdún 15 sí 49 ni wọ́n ń bi. Ọjọ́ orí ọmọ bíbí ni. Ogún tí ìṣirò ọmọ fi sílẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí ó ń rí i kí wọ́n tó pé ọdún 15 ni ó pọ̀ jù, àwọn gan-an ni wọn kò sì ní owó lọ́wọ́, tí wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò sọ fún. Nígbà tí ìjọba bá ń ka balùwẹ̀ tí yóò kọ́ sí ilé-ìwé, iye wọn kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tí ó wà ní Pápá Àjàó nígbà ìwádìí 2021 ti pé 15 ní 2024. Ìwé ìbéèrè lè bi í wàyí, yóò sì bi í nípa èyí tí ó ṣe kẹ́yìn, kì í ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ rí.